Ọwọ́ Òsì Àkànní

Kí n tó kúrò ní Ìlá

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń wá kí mi kú àbọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ti ń ro mí. Ẹnì kan á wọlé, á ní kí n sọ bí òkè òkun ṣe rí, n óò sọ ọ́ tán, ẹlòmíràn á tún kan ilẹ̀kùn, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá pinnu pé n óò kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ka èyí tán tí ó ṣì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó mú ẹmu dání.

Ẹ mọ̀ mí. Wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ìkòkò omi tàbí ẹ̀yìnkùlé tí n kò yọjú wò tán ní Ìlá, ní Ọ̀rà àti ní Ìrèsì, àwọn ìyá yín sì máa ń sá pamọ́ bí wọ́n bá ti rí kẹ̀kẹ́ mi lọ́ọ̀ọ́kán. Irú mi kọ́ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè pé kí ó wá gbé ọmọ. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ìbá lọ, ṣùgbọ́n ó ti di olóògbé. Fọláṣadé, ọmọ mi obìnrin, ni ó pè mí láti Abadíìnì, ní ilẹ̀ Skọ́tláńdì. Ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ òun sì wà láàárín òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, kò sí ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọ. Mo bi í bóyá kò sí obìnrin mọ́ nínú ẹbí ni. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́.” Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Tiwalolúwa ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Àkànní ni èmi ń pè é, nítorí oríkì ni ó máa ń wú ọmọ lórí. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlú olókùúta

N kò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìlá dé Òṣogbo nígbà òjò ti rí ju ohun tí mo rí nínú rẹ̀ lọ.

Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ Abadíìnì látòkè délẹ̀. Ojú ọ̀run ibẹ̀ náà jẹ́ aláwọ̀ eérú, òkun tí ó wà lẹ́yìn ìlú kò sì yàtọ̀. Ọjọ́ tí mo dé, mo bi Fọláṣadé bóyá ẹni ńlá kan ni ó kú. Ó ní rárá o, bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe òtútù ọyẹ́ tiwa tí ènìyàn ń fi òrí pa. Inú bàtà ni ó máa ń wọ̀ lọ, á sì jókòó síbẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìkíni. Aládùúgbò wa, ọkùnrin kan tí ó dàgbà jù mí lọ, yóò pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, “Ṣé dáadáa?” Kí n tó sọ pé a dúpẹ́, àwọn ará ilé ńkọ́, ó ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn yìí kan náà ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ọmọ ilé ìwé. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀. Mo kí awakọ̀ náà kú iṣẹ́, mo bi í nípa ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo bi í nípa òtútù. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn mi tò, wọ́n dúró, wọn kò bínú, wọn kò sì rẹ́rìn-ín.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ògì kan tí kì í kan, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí. Wọ́n sọ fún mi pé ọkà tí wọ́n fi ń sè é ni wọ́n ń fún ẹṣin jẹ. Mo gbà wọ́n gbọ́. Iyán tí Fọláṣadé ń gbé fún mi, inú páálí ni ìyẹ̀fun rẹ̀ ti ń wá, orí iná ni wọ́n ti ń rò ó, kò sí odó, kò sí ariwo. Èmi ọmọ Ìlá jẹ ẹ́, mo sì ní ó dùn, nítorí ọmọ mi ni ó rò ó.

Ẹ̀kọ́ ilé

Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó ku èmi àti Àkànní. Mo rò ó pé kò yẹ kí ọmọ Ìgbómìnà dàgbà sí àárín òkúta láìmọ ilé tí ó ti wá. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Á fi orí lélẹ̀, á gbé ìdí sókè, á sì máa wò mí láti àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo sì kọ́ ọ ní ọ̀tún. Ọwọ́ méjèèjì ni ó ń lò, bíi gbogbo ọmọdé. Bí ó bá na òsì sí mi, n óò rọra tì í padà, n óò ní, “Ẹ̀-ẹ́n! Ọ̀tún dà?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti rí mi, òsì á lọ sẹ́yìn, ọ̀tún á jáde. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, baálé ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ gidi ni.

Àga tí kò ga

Àga tìmùtìmù tí Àkànní ti já bọ́ kò ga ju orúnkún mi lọ. Kápẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀. Ó gun orí rẹ̀, ó ń jó sí orin inú tẹlifíṣọ̀n, ó yọ̀, ó fi orí gbalẹ̀. Ó ké. Mo gbé e, mo fi aṣọ tí mo rì sínú omi tútù tẹ̀ ẹ́ lórí. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó dákẹ́, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó padà sídìí eré. Kò sí ẹni tí ó bímọ nínú yín tí ọmọ rẹ̀ kò já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbàgbé rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Mo na bọ́ọ̀lù sí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá ẹ̀wù. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ni ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kejì kò bá a rín. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà. N kò rí i lára ọmọdé rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìka mi kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ lórí fóònù, Fọláṣadé ni ó ṣí ilẹ̀kùn wọlé bá mi níbi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ sì wà láyà mi.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán orí ọmọ náà, dókítà kan wá bá wa, obìnrin ará Íńdíà. Ó fa àga, ó jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wúwo. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn pé mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi déédéé, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí ọmọ. Ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ọmọ náà ni mò ń sọ.”

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà nísàlẹ̀ inú ọpọlọ, òun ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lára àwọn ọmọ kan, nǹkan bí ẹfun máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan yìí. Kì í dùn wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó ń mọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá fi orí gbalẹ̀ díẹ̀, irú èyí tí ọmọ mìíràn yóò ké lé lórí tí yóò sì gbàgbé, iṣan náà lè fà, kí ó dí, kí ẹ̀jẹ̀ má kọjá mọ́. Apá ọ̀tún ọpọlọ Àkànní, tí ó ń darí ẹ̀gbẹ́ òsì ara, ni ó dí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ òsì fi kú. Ó fi àwòrán náà hàn wá, àmì funfun kéékèèké sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní ní Íńdíà, nílùú àwọn, àwọn máa ń rí i. Wọ́n á máa fún un ní áásípírínì kékeré kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ara wọn máa ń padà sípò, ó ní, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọwọ́ náà, nítorí ọwọ́ ni ó máa ń kẹ́yìn.

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé

Obìnrin kan tí ó fi káàdì kọ́ ọrùn tún wá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wádìí bí ọmọ ṣe fara pa àti ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. N kò bínú sí i. Èmi náà ti wọ ilé onílé rí láti bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò dùn. Ó bi mí bí ọmọ náà ṣe já bọ́. Mo sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tirẹ̀ kò bára mu. Mo wá dìde, mo gun àga tí ó wà níbẹ̀, mo sì já bọ́. Nọ́ọ̀sì méjì sáré wọlé. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ tán, ó padà wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò ní ìbéèrè mọ́, orúnkún mi ńkọ́. Mo ní a dúpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìlá.

“Rọpárọsẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tí ò tíì ru ẹrù rí? Ẹ gbé e wálé jàre. Ẹnì kan ń bẹ ní Ọ̀rà tó máa ń fi àdín wọ́ ọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn ná.”

“Ó dáa. Ṣé ó ń jẹun?”

“Ó ń jẹun, sà.”

“Ọwọ́ wo ló kú?”

“Òsì ni.”

“Ẹ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ńkọ́?”

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí mi. Àwa méjèèjì dúpẹ́ lórí fóònù pé òsì ni.

Ìbọ̀sẹ̀

Mọ́rágì ni orúkọ obìnrin tí ó ń wá sílé láti bá Àkànní ṣe eré ìdárayá. Irun rẹ̀ pupa, ohùn rẹ̀ ga, kì í bọ́ bàtà kí ó tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnu ọmọ náà ti tọ́ kí a tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ náà kò sì pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ọwọ́ ni ó kù.

Mọ́rágì wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún Àkànní, ó sì so ó. Ó ní bí ọ̀tún bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́, orí ọmọ náà yóò gbàgbé pé òsì wà níbẹ̀. Ó ní ìsinsìnyí tí orí rẹ̀ ṣì rọ̀ ni ó lè tún un kọ́, àsìkò náà kò sì ní dúró dè wá. Ọwọ́ tí a fi ń jẹun, tí a fi ń kí àgbà, òun ni wọ́n dì nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Àlejò ni mí.

Òsì kò jáde. Bí mo bá na nǹkan sí i, ìbọ̀sẹ̀ ni ó máa ń nà sí mi. Bí a ti ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Mọ́rágì á mú ìka òsì náà, á fà á, ìka náà á fà á padà. Ó ní, “Agbára wà níbẹ̀. N kò mọ ìdí tí kò fi ń lò ó.” Ohùn rẹ̀ kò ga nígbà tí ó sọ ìyẹn. Fọláṣadé wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń rò, nítorí òun ni èmi náà ń rò: Àkànní tí ó ti di àgbà ọkùnrin, tí ó ṣì ń wá ẹni tí yóò bá òun de okùn bàtà. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Ìgbà mìíràn tí Mọ́rágì wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun po tíì. Mo po ó, mo ń gbé e bọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Àkànní jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, bísíkíìtì wà níwájú rẹ̀. Ó na òsì. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó kọjá lórí bísíkíìtì náà, ó padà, ó dì í mú, ó sì gbé e dé ẹnu. Tíì gbígbóná ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀.

Mo fi ìdùnnú wọlé. Àkànní gbójú sókè, ó rí mi. Bísíkíìtì bọ́. Òsì lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọ̀tún sí mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo jókòó. Mọ́rágì wo ọmọ, ó wo èmi náà. Mo ṣàlàyé fún un pé nílùú wa a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan, a kì í sì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé tí ó ti wá ni wọ́n ń bú. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, kò rín. Ó ní, “Bí ẹnì kan bá fi òsì fún yín ní nǹkan ńkọ́?” Mo ní n kò ní gbà á. Ó ronú sí i. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ kọ́ ọ nígbà náà.” Ó wá bi mí níbi tí mo ń kó ìbọ̀sẹ̀ tèmi sí.

Èmi náà wọ̀ ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún nínú ilé ọmọ mi. Mo fi òsì ṣí ilẹ̀kùn, mo fi òsì fá irùngbọ̀n, mo fi òsì juwọ́ sí aládùúgbò wa. Ọ̀gbẹ́ni náà dúró lọ́jọ́ náà, ó wo ìbọ̀sẹ̀ mi, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn sí “Ṣé dáadáa?” fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fi òsì jẹ iyán, ọbẹ̀ sì dé ìgúnpá mi. N kò ní purọ́ fún yín, ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí nínú ilé tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ mí.

Àkànní kò yé wò mí. Á wo ìbọ̀sẹ̀ mi, á wo tirẹ̀. Nígbà tí Fọláṣadé ti ibi iṣẹ́ dé, mo fi òsì gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ gbà á, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Ẹ ṣé, bàbá mi.” Mo ní kí ó jẹun kí ó má baà tutù.

Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ṣíbí, tí ó na òsì sí, tí ó sì tún fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà ó mú ṣíbí náà, ó wò mí bóyá n óò sọ nǹkan. “Ọ̀tún dà” ti dé orí ahọ́n mi. Mo gé ahọ́n náà jẹ. Ó gbé ṣíbí náà fún mi, mo gbà á, mo kí i kú iṣẹ́, mo fún un padà, ó tún gbé e fún mi. A ṣe é títí ó fi sú wa. Nígbà tí Mọ́rágì rí i, ó gbá mi mọ́ra, n kò sì mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.

Àbọ̀

Fọláṣadé gba ìsinmi, ó ní òun àti Àkànní yóò sìn mí wálé. Mọ́rágì kìlọ̀ fún wa. Ó ní ìka náà ṣì le, ọwọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóyà ni, bí ẹnikẹ́ni bá tún lé e padà báyìí, ó lè má jáde mọ́. Ìlá ni à ń bọ̀ o. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún odindi ìlú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni a ní láti kọ́kọ́ yà. Ilé ti kún. Mo dọ̀bálẹ̀, Fọláṣadé kúnlẹ̀, wọ́n kí wa kú ewu, wọ́n kí wa kú orí ire. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọmọ náà máa bọ̀. Àkànní rìn lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ́lẹ̀ mọ́, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́. Ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó wò ó dáadáa. Ó wá na bísíkíìtì tí ó ti ń pọ́n lá láti inú ọkọ̀ sí i. Òsì ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ̀-ẹ́n, ọkọ mi, ọ̀tún dà?”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Àkànní yíjú sí i, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ọwọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbalaja, lórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ọwọ́ tó kú yẹn ni. Ẹ bá mi gbà á kó tó fà á padà.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí nílẹ̀. Ó wo ọwọ́ kékeré náà tí ó dúró lágbedeméjì, tí ó ń gbọ̀n. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀tún, ó na òsì tirẹ̀, ó gba bísíkíìtì náà tòun ti itọ́ lára rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ níwájú gbogbo wa.

Àkànní ń wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Ó wá na òsì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, gbọnrangandan, pé kí ó dá bísíkíìtì òun padà.